Ọjọ́ tí Mo Sá Irin Pẹ̀lú Láfún

Ọjọ́ kan wà tí mo ti bẹ ọkàn mi títí pé kó gbàgbé, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbẹ̀bẹ̀. Bí mo bá ń fọ abọ́, á wá. Bí mo bá wà lórí ọ̀kadà, á wá. Àní ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí pásítọ̀ bá ní kí a di ojú kí a ronú lórí oore Ọlọ́run, ohun tí èmi ń rí ni láfún pupa, àti ọkùnrin kan tó wọ jàlàmíà funfun tí kò funfun mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́, bóyá bí mo bá sọ ọ́ tán yóò fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Lẹ́yìn Adigbẹ, nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ni ibi iṣẹ́ wa wà, níbi tí ilé ti ń tán tí oko ti ń bẹ̀rẹ̀. Alhaja ló ni ín. Ọkọ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ kú, Alhaja, tó jẹ́ pé aṣọ ni ìran wọn ń tà láti ayébáyé, fa ìsọ̀ aṣọ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì wá jókòó ti irin. Iṣẹ́ tí à ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí géètì yín, tàbí táńkì yín, tàbí ara ọkọ̀ ńlá yín bá ti dípẹtà, ẹ gbé e wá. A ó da irin wẹ́wẹ́ tó rí bí iyanrìn, tí à ń pè ní gíríìtì, sínú ìkòkò irin ńlá kan. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ yóò fi ipá tì í gba inú rọ́bà jáde, gíríìtì yóò sì máa na irin yín lẹ́gba títí ìpẹtà àti ọ̀dà àtijọ́ yóò fi bó dànù. Lẹ́yìn náà la ó kùn ún ní ọ̀dà tuntun, ẹ ó sì gbé e lọ sílé lọ máa fi ṣe fáàrí fún aládùúgbò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé gíríìtì kì í ṣe ohun tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan ká dà á nù. Nígbà ayé ọkọ Alhaja, wọ́n máa ń fi èyí tí wọ́n bá ti lò dí kòtò ojú ọ̀nà ni. Ọjọ́ tí Alhaja gbọ́ pé láti Èkó ni wọ́n ti ń rà á, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní, "Ẹ ń fi irin dí kòtò? Àbí ẹ̀yin ni ìjọba ni?" Láti ọjọ́ náà, tapólì là ń tẹ́ sábẹ́ iṣẹ́. Gbogbo gíríìtì tó bá dà sílẹ̀, a ó gbá a jọ, a ó sẹ́ ẹ, a ó dà á padà sínú ìkòkò kó tún lọ jà. Bẹ́ẹ̀ la ó máa ṣe títí yóò fi di lúbúlúbú tí kò lè dá nǹkan kan ṣe mọ́. Bí díẹ̀ bá kó sínú bàtà rẹ, Alhaja á ní kí o gbọn bàtà náà kí o tó lọ sílé.

Èmi ni mo wà ní sítọ́ọ̀. Mùfú ló ń di ẹnu rọ́bà mú, tó ń yin gíríìtì lu irin. Èmi àti Mùfú kì í bára wa jà, ṣùgbọ́n a kì í gbà fún ara wa. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé bó bá ti wọ akoto iṣẹ́ rẹ̀ tó bo orí àti èjìká yẹn, kó má gba àárín àdúgbò kọjá, kí àwọn ọmọdé má baà máa sá fún un pé eégún dé. Kò gbàgbé rẹ̀. Èmi náà kò sì jẹ́ kó gbàgbé.

Nígbà tí ọmọ Alhaja bímọ ní Ìlọrin, tí Alhaja fẹ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ọmọ mi," ó ní, "ó ti ń rẹ̀ mí. Mo ń wá ẹni tí màá fi ṣe mánéjà. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo ibí yìí rèé. Baba Onítipà ń gbé tipà rẹ̀ àkọ́kọ́ bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, bí iṣẹ́ bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, gbogbo ìyókù ni yóò kó wá. Bí mo bá dé tí inú ọkùnrin yẹn ń dùn, má wulẹ̀ dá kọ́kọ́rọ́ yẹn padà mọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ó fi kún un pé, "Gíríìtì wa ti dọ̀tí. Ọ̀dà àti eruku ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì fà á, kí ẹ sì sẹ́ ẹ dáadáa. Àlùbáríkà á wà níbẹ̀, in ṣá Allah."

Kí mọ́tò rẹ̀ tó kúrò nígboro, mo ti pe ìyá mi, tó ń ta búrẹ́dì ní gáréèjì Kútò. Mi ò sọ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi mí ṣe mánéjà. Mo ní wọ́n ti fi mí ṣe é. Ẹ ṣáà mọ bí gáréèjì ṣe rí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn awakọ̀ tó ń ná Èkó ti gbé ìròyìn náà dé Èkó, wọ́n ti gbé ìkíni bọ̀. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí nawọ́ sí mi lójú pópó, ó ní, "Mánéjà wa!" Mo dá a lóhùn bí ẹni tó ti ń jẹ oyè náà láti ọdún pípẹ́.

Iṣẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì wá bẹ̀rẹ̀. Láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan tó ti bàjẹ́ la ti yọ mágínẹ́ẹ̀tì náà, a so ó mọ́ ìdí igi. A ó tẹ́ gíríìtì tó dọ̀tí sílẹ̀ pẹrẹsẹ, a ó máa fa igi yẹn lọ lórí rẹ̀. Irin á fò mọ́ ọn, ìdọ̀tí á kù sílẹ̀. A ó wá gbọn irin náà sínú garawa, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan ni ó ń mú wá lẹ́ẹ̀kan. Mo fà á láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, ohun tí mo rí kó jọ kò tíì bo ìdí garawa. Ìbàdí ń dùn mí. Mo wo ara mi, mo ní ṣé báyìí ni mánéjà ṣe máa ń rí?

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti dé. Ẹ ṣọ́ra fún ọgbọ́n tó bá dé nígbà tí ìbàdí ń dunni.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, láfún ni wọ́n fi tọ́ mi. Lọ́dọ̀ ìyá mi àgbà ní abúlé, kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ bí a ṣe ń bó ẹ̀gẹ́, bí a ṣe ń rẹ ẹ́, bí a ṣe ń fọ̀ ọ́, àti bí a ṣe ń sá a sórí àpáta títí yóò fi gbẹ táútáú. Ẹ̀gẹ́ tó ti rà, tó ń rùn débi tí ajá fi ń yà fún un, bí omi bá ti kọjá lára rẹ̀ tí oòrùn sì pa á, funfun báláú ni. Mo bi ara mi pé, kí ni gíríìtì ní tí ẹ̀gẹ́ kò ní? Fífọ̀ ni! Ká fọ̀ ọ́, ká sá a, kó parí.

Mùfú ń jẹun lábẹ́ igi máńgòrò nígbà tí mo pè é pé kó wá pọn omi.

"Kí lo fẹ́ fi omi ṣe?"

"Mo fẹ́ fọ gíríìtì."

Ó gbé òkèlè tó ti di dání padà sínú abọ́. "Irin lo fẹ́ fọ̀?"

"Ṣé ẹ kì í fọ ìkòkò nílé yín ni?"

"A máa ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ò mọ̀ o. Alhaja ò sọ pé ká fọ̀ ọ́."

"Alhaja ò sí ńlé. Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mùfú wò mí, ó wo kọ́kọ́rọ́, ó sì dìde lọ pọn omi láìjanpata. Mo rò pé àṣẹ mi ló múlẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ìran ló fẹ́ wò.

Kí n má parọ́ fún yín, fífọ̀ náà dùn. Gbogbo gíríìtì tó wà nílé iṣẹ́ la dà sínú agbada àti garawa, àfi àpò kékeré kan tí mo fi di ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ kó má baà máa gbá. Omi tó kọ́kọ́ jáde dúdú bí omi aláró. Ọ̀dà àtijọ́ léfòó sókè, mo ń fi asẹ́ gbọ́n ọn dànù. Nígbà tí omi mọ́, gíríìtì ń dán yanranyanran nísàlẹ̀, ó ń wò mí bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. Inú mi dùn débi pé mo ní kí Mùfú yà mí ní fọ́tò pẹ̀lú ọwọ́ mi nínú omi, mo sì gbé e sórí Wásáàpù. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mánéjà lẹ́nu iṣẹ́."

Ibi tí a ó sá a sí ló kù. Igi máńgòrò ti bo ọgbà wa, oòrùn kì í rí ilẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ògiri wa ni àpáta pẹrẹsẹ kan wà, níbi tí àwọn obìnrin abúlé tó wà nítòsí ti ń sá láfún. Àpáta yẹn ní òfin tirẹ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ojú tirẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi pààlà. Ohun tó bá wà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í jí i, ẹnikẹ́ni kì í sì í tú u wò. Nígbà tí mo débẹ̀, ìsàlẹ̀ àpáta ti funfun fún láfún, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ ṣófo gbayawu. Ìyá Ògúnbíyìí, tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, ló ń yí tirẹ̀ padà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè sá nǹkan díẹ̀ sí òkè yẹn?"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ṣé ó mọ́?"

"Ó mọ́ gan-an, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán ni."

"Sá a, ọmọ mi. Àpáta ò lé ẹnikẹ́ni."

Bẹ́ẹ̀ ni mo da irin sórí àpáta pẹ̀lú omi tó ń ro tótó lára rẹ̀, mo fi ọwọ́ tẹ́ ẹ bí ìyá mi àgbà ṣe kọ́ mi. N kò bi ara mi pé kí ló dé tí àwọn obìnrin tó ti ń sá láfún níbẹ̀ láti ìgbà ìyá ìyá wọn fi fi òkè sílẹ̀ lófo. Mo rò pé wọn ò tíì rí i ni. Mo wọ aṣọ mi, mo gba Kútò lọ láti gba ìkíni kú oríire. Wọ́n kí mi títí fóònù mi fi kú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọjọ́ Jímọ̀, orí àpáta ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Mo mú garawa dání, mo ń kọrin. Orin náà kò parí.

Irin tí mo fi sílẹ̀ ní dídán ti pupa. Kì í ṣe pé ó pupa díẹ̀. Gbogbo òkè àpáta pupa bí ojú ọ̀nà oko. Mo fi ẹsẹ̀ tì í, kò mì. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó le bí kúlíkúlí. Omi tí mo fi fọ̀ ọ́ àti ìrì òru ti sọ gbogbo gíríìtì Alhaja di odidi àkàrà ìpẹtà kan, ó sì ti lẹ̀ mọ́ àpáta pinpin. Ẹ wò ó, bíbó ìpẹtà ni iṣẹ́ tí wọ́n gbà wá fún. Èmi jókòó, mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ìpẹtà.

Ìyẹn ò tilẹ̀ burú tó èyí tó wà nísàlẹ̀. Àpáta yẹn dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ohun tó bá ro lókè, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Omi pupa ti ṣàn gba àárín àwọn òkúta ìpààlà, kò sì fi ojú ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Láfún àwọn obìnrin ti pọ́n bí gàrí tí wọ́n ta epo sí. Wọ́n dúró yí i ká, wọ́n ká ọwọ́ lérí. Wọ́n ti lọ pe Baba Ọdẹ, àgbàlagbà tó ń bọ Ògún fún abúlé wọn, ó sì lóṣòó síbẹ̀, ó ń wò ó.

Mo gbọ́ tí Ìyá Ògúnbíyìí ń sọ pé, "Baba, funfun ni mo fi sílẹ̀ lánàá. Àwọ̀ irin nìyí. Àbí Ògún ló ń bínú sí wa ni?"

Ẹ dákun, ẹ má fi ojú burúkú wò mí. Inú mi dùn. Èmi tí mo ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo ń wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ ìsinmi, mo rí òrìṣà tó lè bá mi ru ẹ̀bi, mo sì ti ṣe tán láti dì í lé e lórí. Mo gbé garawa sápá kan, mo súnmọ́ wọn bí èrò ọ̀nà.

"Ẹ kú ìdúró o. Háà! Kí lèyí? Ẹ̀yin ìyá, Ògún ò ṣeé fojú di o. Ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i."

Baba Ọdẹ bu láfún díẹ̀, ó fi ìka rà á, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wá gbé ojú sókè wò mí.

"Ògún kì í jẹ láfún," ó ní. "Ajá ló ń jẹ. Láti kékeré ni mo ti ń bọ ọ́, kò bá mi dé ìdí láfún rí. Ọwọ́ ọmọ aráyé lèyí."

Mo ń wá ohun tí màá sọ sí i nígbà tí orí Mùfú yọ lókè ògiri. Ohùn rẹ̀ kún gbogbo oko.

"Mánéjà! Mánéjà o! Ṣé irin tí o sá sórí àpáta ti gbẹ? Baba Onítipà ti dé!"

Gbogbo ojú yí padà sọ́dọ̀ mi. Ìyá Ògúnbíyìí wò mí láti òkè délẹ̀, kò pariwo rárá.

"Mánéjà," ó ní, "ìwọ lo sọ pé ó mọ́."

Mo kúnlẹ̀ láti bẹ̀ wọ́n. Gíríìtì tó kọ̀ láti kúrò lára àpáta kò kọ̀ láti wọ orúnkún mi. Mo bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú omijé, ìdajì rẹ̀ fún ẹ̀bi, ìdajì fún orúnkún. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ rí ẹni tó rán mi níṣẹ́. Wọ́n bu láfún pupa sínú àtẹ, wọ́n gbé e rù, wọ́n sì tẹ̀ lé mi wọ ọgbà. Mo ṣíwájú bí ìyàwó tí wọ́n ń sìn lọ sílé ọkọ tí kò fẹ́.

Baba Onítipà dúró ti tipà rẹ̀ nínú ọgbà. Jàlàmíà tó wọ̀ funfun débi pé ojú mi ń ṣú bí mo ṣe ń wò ó. Ó ní òun fẹ́ rí i kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí òun tó gba mọ́ṣáláṣí lọ, nítorí àwọn kan ní Ṣàgámù náà ń bẹ òun pé kí òun gbé iṣẹ́ náà fún àwọn. Ó wo àwọn obìnrin. "Kí ni ti àwọn wọ̀nyí?"

"Oníbàárà wa ni wọ́n, sà," ni mo wí. Ìyá Ògúnbíyìí pòṣé tó dé Ìbarà.

Mo sá padà lọ bá àpáta jà pẹ̀lú òòlù. Ohun tí mo fọ́, mo gbé e dé, a tún fọ́ ọ wẹ́wẹ́ lórí ilẹ̀. Mùfú ní ká sẹ́ ẹ. Mo ní kò sáyè, Baba ń wo aago. A dà á sínú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Mùfú de akoto rẹ̀, ó di ẹnu rọ́bà mú, ó kọjú sí tipà, mo sì tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́.

Kò sí ohun tó jáde. Rọ́bà kàn ń gbọ̀n ni.

"Ó ti há," Mùfú pariwo láti inú akoto. "Pa á!"

Gbogbo ènìyàn ń wò mí. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi. Mo bá ní ọ̀rọ̀ yìí ò ju kí n fi kún agbára rẹ̀ lọ.

"Mánéjà, pa á, mo ní!"

Mo fi kún un. Ibi tí rọ́bà ti so mọ́ ìkòkò já, ó dún gbàù, ìkùukùu pupa sì gba gbogbo ọgbà. Ọlọ́run ṣeun, kò sí ẹni tó farapa, torí ojú ọ̀run ni ẹnu ibẹ̀ kọ sí. Ṣùgbọ́n ohun tó bá lọ sókè, ó ń padà bọ̀. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Baba Onítipà pupa láti fìlà dé bàtà. Àwọn obìnrin pupa. Láfún tó ti pupa tẹ́lẹ̀ tún pupa sí i. Mùfú nìkan ló yọ, nígbà tó ṣí akoto eégún rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán mọ́ránmọ́rán.

Baba Onítipà nawọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ ṣàlùwàlá. "Ṣé báyìí ni mo ṣe máa lọ dúró níwájú Ọlọ́run?" Ó ní ó ti parí láàárín àwa àti òun, Ṣàgámù lòun ń lọ. Ìgbà náà ni mo gbọ́ fèrè mọ́tò Alhaja lẹ́nu géètì.

Alhaja kò bi mí ní ohunkóhun. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi: èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀, tí ọwọ́ mi wà nínú omi gíríìtì. Ìlọrin ló ti rí i. Ó pè mí títí, fóònù mi ti kú. Bó ṣe kí ìrun àsùbá tán ló wọ mọ́tò. "Subhánallàhi," ó ní, ó sì rọra bọ́ sílẹ̀.

Ọmọ ọlọ́jà lọmọ ọlọ́jà ń jẹ́. Ó ti ra jàlàmíà tuntun kan ní Ìlọrin fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó tú u sílẹ̀, ó fi bọ Baba Onítipà lọ́wọ́, ó ní kó wọ̀ ọ́ lọ kírun, kó sì bá òun mú sùúrù títí di ọjọ́ Ajé. Ọkùnrin náà fọwọ́ ra aṣọ náà, ó ní òun gbọ́. Alhaja wá yíjú sí àwọn obìnrin, ó kúnlẹ̀ fún wọn nínú eruku, pẹ̀lú léèsì ìsọmọlórúkọ lára rẹ̀. Rírí tí mo rí i lórí ìkúnlẹ̀ nítorí mi dùn mí ju orúnkún mi lọ.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi. Ọmọ mi ló ṣe é, èmi ni mo ṣe é. Ẹ kó ẹ̀gẹ́ tuntun jáde, òwò mi ni yóò san owó rẹ̀. Ọmọ yìí ni yóò bó o, òun ni yóò fọ̀ ọ́, òun ni yóò sá a, títí àtẹ yín yóò fi kún bó ṣe kún tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣáà ti rí i pé ó mọ nǹkan fọ̀."

"A gbà," ni Ìyá Ògúnbíyìí wí. "Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni yóò sá a sí o."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Mo ń sunkún. Mo ń ro ìyá mi, mo ń ro gbogbo gáréèjì Kútò àti bí mo ṣe máa gba àárín wọn kọjá. Mo ní, "Alhaja, ẹ jẹ́ kí n kúkú máa lọ sílé."

"Lọ síbo? Gíríìtì tó ti lu irin títí tó fi fọ́, ṣé o rí i kí n dà á nù rí? Sísẹ́ là ń sẹ́ ẹ, ká tún lò ó. Ìwọ náà, màá sẹ́ ọ." Ó nawọ́. "Ṣùgbọ́n mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Ó gbà á, ó sì fi í bọ Mùfú lọ́rùn lójú mi.

Àpò kékeré tí mo fi di ilẹ̀kùn, tí omi kò kàn, ni a fi bẹ̀rẹ̀ tipà Baba. Èyí tí mo gbẹ́ kúrò lára àpáta, èmi ni mo lọ̀ ọ́, èmi ni mo sẹ́ ẹ, èmi ni mo fi mágínẹ́ẹ̀tì fa ìwọ̀nba tó ṣeé lò nínú rẹ̀. Bí ọwọ́ mi bá kúrò lára mágínẹ́ẹ̀tì, ìdí ẹ̀gẹ́ ló ń lọ. Baba Onítipà kó ìyókù ọkọ̀ rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kò tún wọ funfun wọ ọgbà wa mọ́. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé kì í ṣe gbogbo ohun tó dọ̀tí ni à ń fi omi fọ̀. Mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ mánéjà, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n fi òun jẹ ẹ́ tán kó tó pe ìyá rẹ̀.

Nítorí pé ìyá mi kò yí ọ̀rọ̀ náà padà ní Kútò títí di òní. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní ohun tí òun ti fi ìdùnnú sọ, òun ò lè fi ìbànújẹ́ tún un sọ. Láìpẹ́ yìí ló mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá sí ọgbà wa láìsọ tẹ́lẹ̀, obìnrin tó ń wá iṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀, pé kó wá rí ọmọ òun tó jẹ́ mánéjà. Mo rí wọn lẹ́nu géètì. Mo sáré lọ bá Mùfú lẹ́yìn ẹ̀rọ, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.

"Mùfú, jọ̀ọ́, yá mi ní oyè yẹn títí wọ́n á fi lọ."

Mùfú fọwọ́ ra àgbọ̀n rẹ̀ títí tí mo fi fẹ́ gbé e jù sínú ìkòkò. Ó wá bọ́ kọ́kọ́rọ́, ó fi í bọ̀ mí lọ́rùn. Nígbà tí ìyá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó dìde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn níwájú mi.

"Mánéjà, ẹ kú ìdúró, mà. Gíríìtì tó dọ̀tí yìí, ṣé kí á fọ̀ ọ́ ni?"

Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọrùn rẹ̀ ti gùn sí i.

"Rárá o," mo ní. "Mágínẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi fà á. Kí ẹnikẹ́ni má bu omi."

"Ẹ ṣé, mà."

Ọ̀rẹ́ ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ gbọ́ o! Ọmọ yìí mọṣẹ́ gan-an!"

Mùfú sá gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ lọ. A ń gbọ́ ọ tó ń mí hẹlẹ níbẹ̀ bí ẹni tí ikọ́ fẹ́ pa. Ọ̀rẹ́ ìyá mi bi mí bóyá ara ọmọkùnrin yẹn yá. Mo ní ara rẹ̀ yá, ẹ̀rín ń pa á ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni tèmi náà dé, mi ò lè mú un mọ́ra, mo di ìkòkò mú, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú mi.